Lórí Ikú Màmá Onítépù, àti Ìdáhùn Tí Sátidé Wọn Ti Ń Retí

Láti ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Àjùmọ̀ṣe Àwọn Aránṣọ àti Ilé Ìtọ́jú Àdúgbò

Sí Bàbá Kápẹ́ńtà, ọkọ Màmá. Sí Ẹ̀gbọ́n, àkọ́bí wọn obìnrin. Àti sí gbogbo ìdílé

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn ni gbogbo àwa aránṣọ àti òṣìṣẹ́ ìlera tó wà nínú ìgbìmọ̀ yìí fi ń bá yín kẹ́dùn ikú Màmá Onítépù, tí wọ́n jẹ́ ìyàwó, ìyá àti ìyá àgbà fún yín, tí wọ́n sì jẹ́ olùdásílẹ̀ fún wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ya ìwé yìí, tí mo tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ẹkún nìkan ló fà á. Ìròyìn kan wà lọ́wọ́ wa tí kò jẹ́ kí a lè sunkún tán, ìròyìn tí Màmá fi ọdún mẹ́ta gbáko dúró dè, tí ó sì dé ní ọjọ́ kẹsàn-án tí a sin wọ́n tán. Alága wa ní kí èmi akọ̀wé kọ́kọ́ kẹ́dùn dáadáa ná kí n tó sọ ọ́, pé bí a ṣe ń kọ ìwé ìkẹ́dùn nìyẹn. Mo ń gbìyànjú.

Nígbà tí a wá kí yín nílé, pálọ̀ kún débi pé orí àpótí irinṣẹ́ Bàbá ni Alága jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì béèrè pé, "Gbogbo Sátidé tí Màmá fi ń rìn kiri ilé onílé yẹn, kí ló já sí?" Alága wa, tí ẹ mọ̀ pé ẹnu wọn kì í sinmi àfi tí wọ́n bá fi ètè di abẹ́rẹ́ mú, bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà wọn. Ìbéèrè ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú kì í ṣe èyí tí à ń fi òwe fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, a sì ti mọ̀ láti ọjọ́ náà pé a jẹ yín ní èsì. Ìwé yìí ni èsì náà.

Gbogbo yín lẹ mọ ìwé ìwọ̀n Màmá, èyí tí wọ́n fi awọ dúdú bò, tí àyà, ìdí, apá àti gíga gbogbo ọmọ àdúgbò kún inú rẹ̀. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ìyálọ́mọ kan mú ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin wá wọn aṣọ jẹ́lé-ó-sinmi. Màmá wọ̀n ọ́n, wọ́n ṣí ìwé wo ti èṣí, wọ́n tún un wọ̀n. Ọmọ ti ga sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Màmá mi orí. Wọ́n ní, "Aṣọ ló máa ń súnkì. Ọmọ kì í súnkì." Wọ́n gbé ìwé sí abíyá, ó di ilé ìtọ́jú.

Nọ́ọ̀sì Àgbà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n sì ní kí n má fi ohun tí àwọn sọ lọ́jọ́ náà pa mọ́. Wọ́n ní, "Màmá, ibí kọ́ la ti ń gba aṣọ o. Ẹ padà sídìí ẹ̀rọ yín." Màmá kò bínú. Wọ́n tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, wọ́n mú ẹfun tí aránṣọ fi ń sàmì, wọ́n fa ilà sábẹ́ orúkọ ọmọ méje tí apá wọn ti kéré sí ti èṣí. Nọ́ọ̀sì Àgbà kà á tán, wọ́n dìde, wọ́n sì fún Màmá ní àga tí àwọn fúnra wọn jókòó sí. Ibẹ̀ ni àjọṣe wa ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìtọ́jú ní òṣùwọ̀n, ó ní oògùn, ó ní oúnjẹ tí ń mú ọmọ sanra, ṣùgbọ́n kò mọ ilé tí ọmọ tó ń rù wà. Àwa aránṣọ mọ ọmọ olúkúlùkù, a ò sì mọ ohun tí a lè ṣe fún un. Odindi ọdún la fi jọ ń gba ọ̀nà kan náà kọjá láìkíra, kí Màmá tó fà wá pọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rìndínlógún gbà pé bí ìyálọ́mọ bá fọwọ́ sí i, a ó máa wọn apá òsì ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ní àárín èjìká sí ìgúnpá. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, a kọ ohun tí a rí, a fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin náà á rántí ohun tó ṣẹlẹ̀, torí gbogbo àdúgbò ló gbọ́ fèrè ọkọ̀ aláìsàn lọ́jọ́ náà. Ínṣì ni àwa aránṣọ fi ń wọn nǹkan láti ọjọ́ tí a ti ń kọ́ṣẹ́. Sẹ̀ǹtímítà ni ilé ìtọ́jú ń lò. Kò sí ẹni tó ronú láti sọ fún ẹnì kejì. Bí Nọ́ọ̀sì Àgbà ṣe kà á pé apá ọmọ kan jẹ́ mẹ́fà, ti òmíràn márùn-ún àbọ̀, wọ́n figbe ta. Ọkọ̀ aláìsàn ni wọ́n gbé dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Màmá. "Àwọn ọmọ tí apá wọn rí bí igi ìṣáná yẹn dà? Ṣé wọ́n ṣì ń mí?" Àwọn ọmọ náà wà níta tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀kan tiẹ̀ gbá a lu ìlẹ̀kùn ọkọ̀. Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ẹ̀rọ mú kí wọ́n má baà ṣubú. Wọ́n bọ́ tépù lọ́rùn, wọ́n nà án sí Nọ́ọ̀sì Àgbà: "Ẹ yí i sódì. Ojú kan ni tiwa, ojú kejì ni tiyín. Tépù kan náà ni."

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n rán òwú pupa sí ojú kejì tépù náà, níbi tí sẹ̀ǹtímítà méjìlá àbọ̀ wà. Ọmọ tí apá rẹ̀ kò bá kún dé òwú pupa, kí ìyá rẹ̀ gba ìwé, kí ó máa lọ sí ilé ìtọ́jú. Ìṣirò tán. Wọ́n rán ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù fúnra wọn, wọn ò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Bàbá ló gé pákó tí a fi ń wọn gíga, tí wọ́n fá a títí tó fi ń dán bí ìsàlẹ̀ àwo, kí ó má baà gún ọmọ kankan lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ká wọn ọmọ yàtọ̀ sí ká wò ó sàn. Ọjọ́rú nìkan ni ilé ìtọ́jú ń rí àwọn ọmọdé, Ọjọ́rú sì ni àwọn ìyá wọn wà níbi iṣẹ́: ẹni tó ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì, ẹni tó ń fọṣọ, ẹni tó ń di bisikíìtì sínú páálí. Nínú ogójì ìyá tí a fún níwèé ní ọdún àkọ́kọ́, mọ́kànlá péré ló lọ. Ọ̀kan nínú wọn bi Màmá pé, "Tí mo bá kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́rú, kí ni ọmọ yóò jẹ lọ́jọ́bọ̀?" Láti Sátidé tó tẹ̀ lé e ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé pákó Bàbá kọ́ èjìká, wọ́n á mú Nọ́ọ̀sì Àgbà tàbí ọ̀kan nínú wa dání, wọ́n á máa gbé oúnjẹ ilé ìtọ́jú ti ojúlé dé ojúlé fún àwọn ọmọ tó ń rù. Ẹ̀gbọ́n, a mọ̀ pé Sátidé yẹn, tiyín ni. A mọ̀ pé búláòsì yín fi oṣù méjì wà lábẹ́ ẹ̀rọ wọn láìní apá. Màmá náà mọ̀. Wọ́n máa ń sọ fún wa lójú ọ̀nà pé, "Àkọ́bí mi ń bínú sí mi, ó sì jàre."

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ àjọ tó ń ṣàkóso ilé ìtọ́jú pé kí ó máa ṣí fún ọmọdé ní Sátidé. Wọ́n ń sọ ọ́, mo ń kọ ọ́. Lẹ́tà mẹ́sàn-án ni. Lẹ́yìn èkarùn-ún, ọ̀gá kan wá láti ọ̀dọ̀ àjọ, ó wo òwú pupa wa, ó ní aránṣọ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera. Màmá ní, "Ọ̀gá, òótọ́ lẹ sọ. A ò pe ara wa ní dókítà. Ibi tí aṣọ ti fún ọmọ àti ibi tó ti ṣò ni àwa mọ̀." Ni wọ́n bá wo kóòtù ọkùnrin náà, wọ́n ní kó bọ́ ọ, ìgúnpá rẹ̀ ti tú. Bí wọ́n ṣe ń rán an, Alága kígbe láti ẹnu ọ̀nà pé, "Màmá, ẹ bá a rán ẹnu rẹ̀ mọ́ ọn!" Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín lọ, a ò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́. Màmá kàn sọ fún mi pé, "Kọ òmíràn, ọmọ mi. Abẹ́rẹ́ kan kì í ṣẹ́ kí a tìtorí rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù."

Èkẹsàn-án, orí ibùsùn àìsàn ni wọ́n ti sọ ọ́, tépù wà lọ́rùn wọn. Wọ́n ní kí n kọ bí apá ọmọ kọ̀ọ̀kan tí kò kún dé òwú pupa ṣe tó nígbà tí a kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, àti bó ṣe tó báyìí, láì fo ẹnì kankan. Igba ọmọ àti mẹ́tàlá ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún mi kẹ́yìn ni, "Ṣé wọ́n ti dáhùn?"

Ẹ gbọ́ o! Wọ́n ti dáhùn!

Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni, Nọ́ọ̀sì Àgbà já wọ ṣọ́ọ̀bù Alága pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Èkejì ti bọ́ sójú títì, wọn ò sì dúró mú un. "Wọ́n gbà! Wọ́n ti gbà!" Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́. Alága gba ìwé náà, wọ́n kà á sókè, wọ́n tún un kà bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè sá lọ: láti Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, ilé ìtọ́jú yóò máa ṣí fún ọmọdé láti aago méje òwúrọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, ìyá tó bá mú ìwé aránṣọ dání yóò wọlé láìtò, àwa aránṣọ yóò sì lọ kọ́ àwọn aránṣọ àdúgbò mẹ́rin mìíràn bí a ṣe ń lo òwú pupa. Alága fò sókè, àwọn tí orúnkún kì í jẹ́ kí wọ́n gun àkàsọ̀! Wọ́n ju tépù wọn sí òkè, ó há mọ́ fáànù, ó ń bá a yí po lókè orí wa, kò sì sí ẹni tó fẹ́ pa fáànù. A pariwo títí àwọn tó ń kọjá fi yà wá wò wá. Nígbà tó yá ni Alága jókòó, wọ́n ní, "Ta ni yóò lọ sọ fún Màmá báyìí?" Ibẹ̀ ni ẹkún ti bá wa.

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí Sátidé wọn já sí nìyẹn. Nínú àwọn ọmọ igba ó lé mẹ́tàlá náà, igba ó dín mẹ́rin ló ti kọjá òwú pupa. Ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ní ọdún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni Màmá tú ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ń ráhùn pé ó ń ga bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Láti oṣù tó ń bọ̀ lọ, kò sí ìyá àgbà kankan tí yóò tún gbé pákó kọ́ èjìká ní Sátidé.

Ìgbìmọ̀ yìí kò ní fi yín sílẹ̀. Aṣọ ilé-ìwé mẹ́rìnlá tí Màmá gé tí wọn ò rán, a ti pín in láàárín ara wa. Ìyálọ́mọ kankan kò ní kan ilẹ̀kùn yín béèrè aṣọ. Bàbá, àdúgbò mẹ́rin tuntun yẹn nílò pákó mẹ́rin, Alága sì ti búra pé kápẹ́ńtà mìíràn kò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ sinmi ná. Ọjọ́ tí ọwọ́ yín bá ṣetán, igi wà nílẹ̀. Ní ti búláòsì Ẹ̀gbọ́n, a rí i lábẹ́ ẹ̀rọ. Apá ọ̀tún ti wà lára rẹ̀, Màmá sì ti fi abẹ́rẹ́ há apá òsì mọ́ ọn, ó ku kí wọ́n rán an. Bí ẹ bá ní kí a parí rẹ̀, a ó parí rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí a gbé e wá bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà la ó ṣe.

Tépù olówùú pupa tí wọ́n kó fún yín pẹ̀lú ẹrù wọn, ẹ má dá a padà fún wa. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo la ní. Màmá sọ fún wa nígbà kan pé ọmọ kan wà tí àwọn ò tíì fi tépù yẹn wọ̀n rí: àbíkẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mẹ́ta, nítorí pé Sátidé ni ó máa ń wá kí àwọn, àwọn á sì ti jáde. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ní Sátidé àkọ́kọ́ yẹn, ẹ fi tépù náà kọ́ ọrùn, kí ẹ sì fa ọmọ náà lọ́wọ́ wá. Òun la fẹ́ kí ó kọ́kọ́ na apá òsì, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín wọ̀n ọ́n. Nọ́ọ̀sì Àgbà ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àwọn, àwọn ò sì ní ṣílẹ̀kùn títí ẹ ó fi dé.

Kí Ọlọ́run, tó mọ ìwọ̀n ẹkún olúkúlùkù, gé ìtùnú yín kí ó tó yín, kí ó má fún, kí ó má ṣò. Kí ó dúró ti Bàbá nínú ilé tó dákẹ́, kí ó dá àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ sí. Kí ó fún Màmá Onítépù ní àga tó dára lọ́dọ̀ rẹ̀, kí gbogbo ọjọ́ wọn níbẹ̀ jẹ́ Sátidé ìsinmi. Àmín.

Akọ̀wé,
ní orúkọ Alága, Nọ́ọ̀sì Àgbà, àti gbogbo ṣọ́ọ̀bù mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún