Túbò Tí Mo Fi Sí Ọkọ̀ Nítorí Ìkómọ Rẹ

Tẹ̀dé, ọjọ́ Ajé.

Mọ́ládé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Ìbàdàn, ṣé ọkọ rẹ Ayọ̀dàmọ́lá ń lọ síbi iṣẹ́, ṣé oyún kò sì dà ọ́ láàmú? Ọlọ́run tó fún ọ yóò sọ̀ ọ́ ní wẹ́rẹ́, tibi tire. Àlàáfíà la wà níhìn-ín, iṣu ta lọ́dún yìí, ewúrẹ́ ìyá rẹ sì ti bí ìbejì.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Pijó wa ló jẹ́ kí n mú bírò. O mọ̀ pé èmi fúnra mi ni n ó gbé igba iṣu wá síbi ìkómọ rẹ, nítorí ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé ọkọ̀ yẹn gun òkè kẹ́yìn, màlúù ló ń kọjá lára wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Peter, mẹkáníìkì wa ní Ṣakí, bá mi de túbò mọ́ ọn. Peter ní túbò yóò máa fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀, ó wá ní kí n tún ra pọ́ńpù epo tó tóbi àti nọ́sù tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìnì, pé bí atẹ́gùn bá pọ̀, epo náà gbọ́dọ̀ pọ̀. Mo ní bó bá jẹ́ epo ni, ìyẹn rọrùn. Mo rọ epo kún táǹkì dé ọrùn, mo gbé kẹ́ẹ̀gì méjì sẹ́yìn, mo sì wa ọkọ̀ jáde.

A ò tíì gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ tán tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í kàn kó kó kó nínú ẹ́ńjìnì. Mo ní àlejò ni túbò, yóò mọlé tó bá yá. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ kú sí. Peter gun ọ̀kadà wá, ó ní ebi ló ń pa ẹ́ńjìnì, pé bí mo bá tún wà á bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ yóò jó. Inú bí mi. Mo ní irú ebi wo ló ń pa ẹni tí táǹkì rẹ̀ kún.

Ìyá rẹ ló là mí lóye. Ó ní ṣé mo rántí ọjọ́ tí mo kó ogún èèyàn wá ṣe àáró lóko wa láìsọ fún òun, tó jẹ́ odó kan ṣoṣo ló wà nílé. Iṣu kún àká lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n iyán kò tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jẹ ẹ́, Kàdírì tó wà lára wọn sì gbé ọkọ́ rẹ̀, ó lọ sílé. Ó ní táǹkì ni àká, pọ́ńpù ni odó. Ó dùn mí pé obìnrin tí kò wa ọkọ̀ rí ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé èmi ni mo fẹ́ ẹ.

Nítorí náà, jọ̀ọ́ fi owó pọ́ńpù àti nọ́sù mẹ́rin ránṣẹ́. Peter ní iṣẹ́ náà yóò gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo gbọ́ pé ọsíbítù ti kọ ọjọ́ tí o máa bí sínú káàdì, pé ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bá mi bẹ nọ́ọ̀sì kó fi bírò sún un síwájú díẹ̀. Bí akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ṣe ń ṣe nìyẹn bí ọjọ́ ìpàdé kò bá rọ̀ wá lọ́rùn, kò sì sẹ́ni tó kú.

Bí nọ́ọ̀sì bá kọ̀, n ó wọ ọkọ̀ èrò, kí iṣu máa bọ̀ lẹ́yìn. Lọ́jọ́ ìkómọ tìrẹ, ọ̀nà Kìṣí ni ọkọ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́ sí, àbúrò mi ló bá mi sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ tí mo ń mú bọ̀ wálé lọ́jọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi di òní. N kò tíì fún ẹnikẹ́ni. Ẹ dákun, ẹ dúró dè mí.

Ọlọ́run yóò jẹ́ ká fi ẹ̀rín gbọ́ ohùn ìyá, ká gbọ́ ti ọmọ.

Èmi bàbá rẹ,
Akíntọ́lá