Ọkùnrin Tó Há Sójú Ọ̀nà Òṣùpá

Bàbá mi, ẹni tí mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí tí n kò rí,

Ọkùnrin tó kọ àwọn ìtàn òṣùpá yín ṣì wà láàyè. Mo rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn tuntun kan ní láíbìrì yunifásítì. Irun rẹ̀ funfun bí òwú nínú fọ́tò, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó sì ń kọ ìtàn síbẹ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn, kó tó di pé inú ń bí mi. Kí ló dé tí ẹni tó kọ ìtàn pẹ́ láyé, tí ẹni tó ń sọ ọ́ fún wa kò pẹ́?

Mo rántí àwọn ìwé pélébé tí èrò máa ń gbàgbé sínú rélùwéè, tí ẹ máa ń kó bọ̀ láti ibi iṣẹ́ gáàdì rélùwéè yín ní Àgbàdo. Ẹ ó bọ́ fìlà, ẹ ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ibi tí ìwé bá ti já, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó parí rẹ̀. Nígbà tí mo dàgbà tí mo kà wọ́n, mo wá àsíá aláwọ̀ ewé títí, n kò rí i. Àṣé ẹ̀yin lẹ fi kún un pé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ gbéra lọ sí òṣùpá àfi tí gáàdì bá ju àsíá aláwọ̀ ewé.

Ti ìkẹyìn nìkan lẹ kò parí. Ọkùnrin kan há sínú ọkọ̀, ilẹ̀kùn kò ṣí, ìwé sì já síbẹ̀. Ẹ ní ó di ọjọ́ Sọ́ńdè kí ẹ tó parí rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé la gbé yín lọ sí ọsibítù.

Bọ́sẹ̀ àbúrò mi ń bi mí bí ọkùnrin náà ṣe jáde. Mo ní mo lè kọ̀wé sí ẹni tó kọ ọ́. Ó yọ ṣùtì sí mi, ó ní ṣé bàbá òyìnbó yẹn mọ Àgbàdo ni?

Ẹ ti sọ fún gbogbo ẹlẹgbẹ́ yín pé dókítà ni mo máa dà. Mo ń jókòó ní kíláàsì ìṣègùn, ohun tí wọ́n ń sọ kò yé mi, ẹ̀rù kò sì jẹ́ kí n béèrè. Màmá ti ń pè mí ní dókítà lójú àwọn oníbàárà. Ta ni kí n sọ fún pé n kò fẹ́ ẹ?

Lánàá, Bọ́sẹ̀ tún jókòó tì mí. Mo bọ́ fìlà, mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ojú rẹ̀ tàn. Ìtàn ò wá. Ó dúró títí, ó wá dìde, ó já gèlè aláwọ̀ ewé Màmá lórí okùn, ó ń jù ú níwájú mi bíi gáàdì.

Bàbá, mo rí àsíá náà. Kí ló dé tí n kò lè gbéra?

Èmi ọmọ yín, tó ṣì jókòó síbi tí ẹ fi í sí, tó sì fẹ́ràn yín.