Sí Ìyá Mi Tó Ṣì Ń Retí Sẹ́wànù

Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òyìnbó. Mo kí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tó ń ṣe bíi bàbá fún wa láti ìgbà tí bàbá ti kú. Mo kí Máutìn, ìyàwó Sẹ́wànù àbúrò mi. Mo kí àwọn ìyá tí ẹ jọ ń ta àgbọn lọ́jà Àgbálátà. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo ti ń kí yín. Bí mo bá pè yín, tí mo bá ti dárúkọ Sẹ́wànù báyìí, ẹ ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, ẹ ó sì pa fóònù. Ìwé ìròyìn ò ṣe é pa. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ilé tó ń retí bíi tiwa pọ̀ ní Àgbádárìgì, kí àwọn náà gbọ́.

Ẹ mọ̀ pé ìyá arúgbó kan ni mò ń tọ́jú níbí. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní òun fẹ́ fojú òun rí àwọn ìlú àtijọ́ tí òun fi ń kọ́ àwọn ọmọ kí òun tó kú. Àwọn ọmọ tó bí ò ráyè, ni wọ́n bá ní kí èmi bá a lọ. Ẹni tó bá rí fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ á ní Àìná ń jayé. Ayé wo? Kẹ̀kẹ́ aláìlera ni mò ń tì. Òkúta ni wọ́n tẹ́ sí gbogbo ojú ọ̀nà ìlú àtijọ́, òkè ni, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

Lísíbọ́ọ̀nù la kọ́kọ́ dé, ìlú àwọn Potogí tí à ń pè ní Àgùdà. Ó lẹ́wà, mi ò ní purọ́. Létí odò wọn, wọ́n gbẹ́ àwọn awakọ̀ òkun àtijọ́ sára òkúta ńlá, gbogbo wọn gbójú sókè. Ẹni tó ń mú wa kiri ń yìn wọ́n pé wọ́n dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò dé rí. Mo ní, ẹ gbọ́ o! Àwa tí wọ́n bá níbẹ̀ ńkọ́? Kò sọ ohun tí wọ́n fi ọkọ̀ kó padà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, omi tútù ni mò ń tà fún àwọn àlejò tó fẹ́ sọdá ọ̀sà sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fù, kí wọ́n lè rí ọ̀nà tí wọ́n gbà kó ẹrú lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń sunkún. Ní Lísíbọ́ọ̀nù, áísìkiriìmù ni àwọn àlejò ń lá. Ìyá arúgbó ní kí n ra ọ̀kan fún òun, mo sì rà á.

Láti ibẹ̀ a lọ sí Vẹ́nísì. Ìyá mi, orí ọ̀sà ni wọ́n kọ́ ìlú náà sí! Ọkùnrin kan á dúró ní ìdí ọkọ̀, á máa fi àjẹ̀ wà á, àwọn olówó á jókòó, wọ́n á sanwó gọbọi. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ohun tí Sẹ́wànù máa ń ṣe fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ láti ẹ̀yìnkùlé wa dé ọjà, tó tún máa ń kùn! Ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín ni ẹkún ti gbà mí. Òjò ń rọ̀, òtútù wọ eegun, kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Mo ní fún ìyá arúgbó pé òtútù ló ń mú ojú mi ṣomi.

Palẹ́mò, ìlú etí òkun, la parí sí. Nítorí ibẹ̀ ni mo ṣe gbà láti lọ. Ibẹ̀ ni Sẹ́námì ń gbé, ọmọ ìlú Ajárá tó bá Sẹ́wànù gba ọ̀nà Líbíà nígbà tí wọ́n ń wá ìlú òyìnbó lọ. Ó ń gbé ẹrù lọ́jà. Ó wá bá mi níwájú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan, ó fi èdè Ègùn wa kí mi, kò lè wojú mi. Ó ní òun ti pè yín nígbà tó ṣẹlẹ̀, pé ẹ gbé e ṣépè, ẹ ní ó fẹ́ pa yín lọ́mọ. Ìyá mi, kò purọ́. Ọkọ̀ rọ́bà ló ya lójú òkun. Sẹ́wànù mọ̀ ọ́n wẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ ló dì mọ́ ọn. Òkun gbé e jáde lẹ́yìn náà. Àpá ìwọ̀ ẹja tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni Sẹ́námì fi dá a mọ̀.

Ó mú mi lọ síbi tí wọ́n sin ín sí. Ibojì òun àti àwọn tó bá a kú wà lẹ́bàá òkun, ibi tí ìgbì ń dún sí etí ẹni. Àgbélébùú onígi ni wọ́n rì mọ́lẹ̀, kò sí orúkọ, Sẹ́námì ló fi ti Sẹ́wànù hàn mí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí iyanrìn náà, èmi obìnrin, mo bá a sọ̀rọ̀ títí ohùn mi fi há.

Ìyá mi, ẹ ti ní kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá kí ẹ rí i, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò kú. Èmi náà fẹ́ gbé e wálé. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àbúrò bàbá wa tí ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé lórí ọ̀sà. Nígbà tí wọ́n rí òkú rẹ̀, àwa ọmọdé ń ké pé kí wọ́n gbé e wọlé. Ẹ̀yin lẹ dì wá mú. Ẹ ní ẹni tómi pa kì í wọlé mọ́, pé etí omi náà la ó sin ín sí, kí omi má baà tún wá béèrè ẹlòmíì. Etí omi náà la sin ín sí. Àwọn ará Palẹ́mò ò mọ̀ wá, kò sẹ́ni tó sọ àṣà wa fún wọn, ohun tí ẹ̀yin ì bá ṣe gan-an ni wọ́n ṣe. Ká ní mo tiẹ̀ gbé e dé Àgbádárìgì, ẹ̀yin fúnra yín ò ní jẹ́ kó wọ ẹnu ọ̀nà yín. Kò sí òkú kankan tí ẹ ń dúró dè.

Máutìn ló wà láàyè. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ṣì ń fi orúkọ Sẹ́wànù sínú àdúrà àwọn arìnrìn-àjò, ọmọbìnrin yẹn á sì máa ṣe àmín. Kò lè ṣọ̀fọ̀, kò lè fẹ́ ọkọ mìíràn. Ọkùnrin tíṣà kan láti ìlú Ọ́tò, tó fẹ́ fi í ṣaya, wá bá yín sọ̀rọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ da omi ìfọṣọ lé e lórí. Ẹ̀ẹ́ ti rí? Ọjọ́ orí Máutìn ń lọ, inú yàrá Sẹ́wànù yẹn ló ń lò ó sí. Ẹ pè é. Ẹ̀yin ni kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ti kú. Ẹ jẹ́ kó sunkún rẹ̀ tán, kó wọ aṣọ ọ̀fọ̀, kó bọ́ ọ, kó máa lọ sílé ọkọ mìíràn pẹ̀lú àdúrà yín.

Ọlọ́run á rẹ̀ yín lẹ́kún, Ìyá mi. Á fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí yín, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ mọ́ lẹ́yìn èyí. Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà, ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti ará ọjà, ẹ sì bẹ Sẹ́námì nítorí mi, ẹ ká èpè yẹn kúrò lórí ọmọ ọlọ́mọ. Mo ti sunkún tèmi. Ẹ jókòó sílẹ̀, kí ẹ sun tiyín.

Èmi ni ọmọ yín tó kù,
Àìná