Ìwé Bàbá Rẹ Kún Àkúnwọ́sílẹ̀

Ọmọ mi àtàtà, àbíkẹ́yìn mi tó ń fi ẹ̀rọ to ìwé fún gbogbo ayé,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun kó o tó jókòó ti ẹ̀rọ? Kí ayọ̀ ṣáájú lẹ́tà yìí wọ yàrá rẹ, kí ẹ̀yìn má dùn ọ́, kí ojú má ro ọ́, kí ọ̀gá rẹ tó ń pariwo rí ẹlòmíràn pariwo mọ́. Àmín. Ara mi le. Ara bàbá rẹ náà le, ojú rẹ̀ nìkan ni kò gbọ́ràn. Dókítà ojú ní tọ̀tún ti lọ tán, ó ní tòsì yìí á ṣì máa bá a ṣeré títí ọdún á fi parí, ohun tó bá wà lẹ́yìn ìyẹn, òun ò lè ṣèlérí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ìwé tí bàbá rẹ ti ń fọwọ́ kọ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, nípa iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀ àti bí a ṣe tọ́ gbogbo yín, gbọ́dọ̀ jáde kí òun fúnra rẹ̀ lè fojú ara rẹ̀ kà á.

A rí kọ̀ǹpútà tó o fi ránṣẹ́ gbà, àti bébà tó o kọ ìmọ̀ràn sí. Mo lẹ bébà náà mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, bí mo bá ti jí tí mo gbàdúrà tán, òun ni mo kọ́kọ́ ń kà. O ní kí n máa tẹ bọ́tìnnì tó ń fi iṣẹ́ pamọ́ nígbà gbogbo, kí iṣẹ́ má bàa sọnù bí iná bá lọ. Mò ń tẹ̀ ẹ́ o. Mo tẹ̀ ẹ́ kí n tó lọ pọnmi, mo tẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo dé, lánàá mo ta jí lójú oorun ọ̀sán, mo sáré lọ tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà ò sì tiẹ̀ sí ní títàn. O tún ní bí mo bá ṣàṣìṣe, kí n tẹ bọ́tìnnì méjì kan pọ̀, ohun tí mo bà jẹ́ á padà sí bó ṣe wà. Ta ló ronú irú nǹkan báyìí? Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti bàbá rẹ ní gbólóhùn asọ̀, mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ, mo bá yára lọ tẹ bọ́tìnnì méjèèjì. Mi ò lè sọ pé ó ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá rẹ béèrè oúnjẹ.

Ti àwòrán ló wá ga jù. O kọ ọ́ pé kí n má ṣe gbé àwòrán kankan kúrò níbi tó wà, pé ìwé inú kọ̀ǹpútà kì í gbé àwòrán mì, ọ̀nà ilé àwòrán nìkan ló mọ̀, bó bá débẹ̀ tí kò bá a, àmì ìbéèrè pupa ló máa gbé síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ka èyí. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àwọn fọ́tò ara ògiri pálọ̀ wa, àwọn tí tíṣà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa fi fóònù yà, tó sì kó sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí pẹ́ńtà dé, mo ní kó kun àyíká wọn. Ó ní ògiri mi á dà bí aṣọ tó lábùlẹ̀. Mo ní kó dà bẹ́ẹ̀.

Àfi bí àbúrò bàbá rẹ tó ń ránṣọ ṣe wọlé nígbà tí mo wà lẹ́yìnkùlé, ló bá yọ fọ́tò ìyá àgbà, ìyá bàbá rẹ, lórí ìṣó, ó ní oníbàárà òun kan fẹ́ irú ọrùn aṣọ yẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà a tan ẹ̀rọ, àmì ìbéèrè pupa! Kì í sì í ṣe ìyá àgbà nìkan, gbogbo fọ́tò ló lọ, àfi bíi pé wọ́n ń wá a kiri. Tíṣà làágùn. Ó jẹ́wọ́ pé òun ló kó gbogbo wọn sí ibòmíràn nínú kọ̀ǹpútà láàárọ̀, kí ibẹ̀ lè mọ́, pé òun á dá wọn padà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti dé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Aago mẹ́rin ni fọ́tò padà sórí ìṣó. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo àwòrán ti padà sójú kọ̀ǹpútà. Tíṣà ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Mi ò bá a jiyàn, èèyàn dáadáa ni.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ gan-an rè é. Nígbà tí tíṣà bá wa tẹ gbogbo ìwé náà sínú ẹ̀rọ tán, bàbá rẹ sún mọ́ ẹ̀rọ náà, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú kọ̀ǹpútà, kò rí nǹkan kan. Ó ní ó dára gan-an. Mo mọ ohùn ọkọ mi bó bá ń purọ́ kí inú mi má bàa bàjẹ́. Mo bá sọ lẹ́tà inú ìwé náà di ńlá, mo tún sọ ọ́ di ńlá sí i, títí ó fi ka orúkọ ara rẹ̀ jáde. Ẹ̀rín tó rín! Ìgbà yẹn ni àmì ìròpọ̀ pupa kékeré kan wá jókòó sí igun àpótí tí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ lójú ìwé tó kẹ́yìn. Mo sáré lọ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ṣì kù tí kò ráyè, kí n dín lẹ́tà kù tàbí kí n gé ọ̀rọ̀. Tíṣà náà ní ká gé e.

Ọmọ mi, má bínú, ibí yìí nìkan ni mo ti kọ̀ sí ọ lẹ́nu. Bí mo bá dín lẹ́tà kù, ta ló máa kà á? Bí mo bá sì gé ọ̀rọ̀, èwo ni kí n gé? Mo fa àpótí náà gùn kọjá etí bébà kí n lè rí ohun tó fara pamọ́ síbẹ̀. Ìlà mẹ́sàn-án ni. Bàbá rẹ sọ níbẹ̀ pé gbogbo àga tí òun kàn láyé òun ni òun gbowó ẹ̀, àfi ọ̀kan tí òun kàn fún obìnrin kan tí kò tíì gbà fún òun nígbà náà, àti pé orí ẹ̀ ló ṣì ń jókòó sí dòní. Mo sunkún, inú mi sì dùn. Orí àga náà ni mo wà tí mò ń kọ lẹ́tà yìí. Mi ò gé nǹkan kan.

Mo fi ojú ìwé kún un. O ti sọ pé bébà kan tá a ká sí méjì ojú mẹ́rin ló máa ń ní, nítorí náà a ò lè fi ẹyọ kan kún un, mẹ́rin ni. Ìlà mẹ́sàn-án gba ọ̀kan, mẹ́ta ṣófo. Tíṣà ní ká ya òdòdó sí wọn. Bàbá rẹ ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún bébà tó lé yìí, kó o sì fi ti pẹ́ńtà kún un, torí bí ìwé bá ti jáde, ó máa padà wá kun ẹ̀yìn àwọn fọ́tò náà. Ibi yòówù tí ire rẹ bá wà, kó o débẹ̀ kó o bá a. Ọ̀nà ilé ò ní dí mọ́ ọ. Iṣẹ́ rẹ ò ní sọnù, iná ìbáà lọ.

Èmi ni ìyá rẹ.

Bàbá rẹ dúró tì mí, ó ní kí n sọ fún ọ pé tìẹ ni ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ṣófo. Kó o wá kọ ọ̀rọ̀ tìẹ sí i kí ọdún tó parí, kó o sì fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́.