Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Mi Sinmi Nínú Fóònù

Akọ́bí mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń lo oògùn rẹ, ṣé o sì ń sùn dáadáa? Ọlọ́run tó mú ọ dé ọ̀hún á máa ṣọ́ ọ ní sísùn àti ní jíjí. Àwa náà wà, orúnkún mi nìkan ló ń dún bí ilẹ̀kùn tí káfíńtà mìíràn kàn.

Télọ̀ tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi ló fi ọ́ hàn mí nínú fóònù rẹ̀. Háà! Ọmọ mi dúró níwájú gbogbo ayé, ó ní wárápá ń ṣe òun, pé kì í ràn, kì í sì í ṣe èpè, ó wá ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ẹni tó bá gbé. Orí mi wú! Mo ju ayùn sílẹ̀, mo ń pe gbogbo ẹni tó ń kọjá kí wọ́n wá wo ohun tí mo bí. Ṣùgbọ́n nígbà tí télọ̀ tún tẹ̀ ẹ́ fún ìyá oníbúrẹ́dì, tó o tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, tó tún fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún ẹlòmíì, àyà mi já. Ṣebí dókítà ló ní àárẹ̀ ò dáa fún ọ? Mo já fóònù gbà, mo ní ẹ jẹ́ kí ọmọ mi sinmi. Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí abẹ́rẹ́, ó ní o lè máa sùn nílé rẹ kó o sì máa sọ̀rọ̀ nínú fóònù. Mi ò bá a jiyàn, àmọ́ mo ní kó máa ṣí ọ láàárọ̀ nìkan, nígbà tí ara rẹ ṣì le.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wárápá gbé ìyàwó mẹkáníìkì ṣubú nídìí ẹ̀rọ omi. Àwọn èèyàn sá, bàbá rẹ ò sá! Mo gbé bàkẹ́ẹ̀tì kúrò nítòsí rẹ̀, mo ká fìlà mi sábẹ́ orí rẹ̀, nígbà tí ara rẹ̀ rọ̀, mo yí i fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹnì kan sáré gbé síbí dé, mo ní ọmọ mi ò ní ká ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo jókòó tì í títí ó fi mọ ibi tó wà. Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi, mo ní akọ́bí mi ni, àfi bíi pé wọ́n fi mí joyè.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àbúrò rẹ ní o ò ní wá síbi ìgbéyàwó òun, torí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kó o dúró sọ́hùn-ún, kó o má lọ ṣubú lójú àwọn àna. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí léegun. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi nílé, mo ní ẹni tójú bá ń tì nínú wa, kó jókòó sílé. Ó ti ń bínú, kó máa bínú lọ. Iwájú lo máa jókòó, láàárín èmi àti ìyá rẹ. Mo ti fá igun tábìlì ibẹ̀ títí ó fi rí róbótó.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra fóònù tèmi, kí n yéé tọrọ ọmọ mi wò lọ́wọ́ télọ̀. Èèyàn ni kó o fi rán o, owó tó bá gba ojú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ lè gbé e lọ.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ sí, wàá ṣe é re, ojú ò ní tì ọ́ láéláé. Wá sílé, ọmọ mi. Tó o bá tiẹ̀ ṣubú, àárín àwọn èèyàn rẹ lo ṣubú sí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.