Ààlà Pèrègún

Tóyọ̀sí mi,

Ṣé ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ wà dáadáa? Gbogbo wa ní Festac ń kí yín. Bàbá rẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ déédéé, ara rẹ̀ sì ti mókun. Orúnkún mi nìkan ni kò gbọ́ràn.

Pèrègún mẹ́ta tí o gbìn síwájú ilé láàárọ̀ ọjọ́ tí o ń lọ, ọdún kẹsàn-án rèé, wọ́n ṣì tutù yọ̀yọ̀. Mò ń bomi rin wọ́n nígbà ọyẹ́, mo sì ń gé orí wọn kí wọ́n lè pẹ̀ka. Èyí tí mo bá gé, màá tún rì í mọ́lẹ̀. Wọ́n ti tò lọ gbọọrọ báyìí.

Gbọ́lágadé, ayálégbé wa tuntun, kì í gbálẹ̀ kọjá ibẹ̀. Lánàá ló bi mí pé, "Màmá, ta lẹ jọ pààlà?" Pèrègún ni wọ́n fi ń pààlà oko nílùú wọn. Mo ní èmi àti ọmọ mi ni. Ó ní ṣé ìjà la jà ni. Mo ní kò síjà, ọ̀nà ló jìn.

Láti àná ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń dùn mí. Mo gbá ìhà tèmi tán, mo tún rọra kọjá lọ gbá tìrẹ.

Olúwa á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín. Jọ̀ọ́, máa bọ̀ ní Kérésì, wá gbá ìhà tìrẹ.

Ìyá rẹ.