Ìnósáǹsì Tó Gba Zàkárí Lọ́wọ́ Èrò Zóńgò

Zóńgò, Párákù
Ọjọ́ Àlàmísì

Ràyhánátù ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Kútọnù? Ṣé oorun ń tó ọ, ṣé yàrá tí o gbà kò jò mọ́? Àwa níbí dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Màmá rẹ ń kí ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú nígbà tí o wálé fún iléyá ti lọ sílẹ̀, ó ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Albarika. Ewúrẹ́ dúdú wa bí mẹ́ta. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ìwé òfin tí ò ń kà yé ọ, yóò sì jẹ́ kí o jèrè rẹ̀. Àmín.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn díẹ̀, nítorí náà jókòó kí o tó kà á. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lóṣù tó kọjá, mo ti ìrun dé, mo bá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi ní ṣíṣí. Màṣíìnì ìránṣọ mi, èyí tí mo fi rán gbogbo aṣọ ilé ìwé rẹ, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ládépọ̀ tó ń tún bàtà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní òun rí Zàkárí, ọmọ àdúgbò Banikanni tó ń fi alùpùpù gbé èrò, tó gbé àpò ńlá kan kọjá. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, àwọn ọ̀dọ́ gáréèjì ti lọ wọ́ Zàkárí wá. Wọ́n ti fa ẹ̀wù rẹ̀ ya, imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹnì kan sì ti lọ gbé táyà àti epo wá. N kò ní purọ́ fún ọ, inú mi kọ́kọ́ dùn sí i, torí ó dá mi lójú pé òun ni.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ nígbà iléyá wá sí mi lọ́kàn. O ní ẹnì kan wà nínú ẹ̀kọ́ yín tó ń jẹ́ Pẹrẹsọ́ńsíọ́ọ̀nù Ìnósáǹsì, pé tí wọ́n bá mú èèyàn, òun ló máa ń dúró tì í títí adájọ́ yóò fi sọ̀rọ̀, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe onítọ̀hún lólè kó tó dìgbà náà. N kò rí i rí, ṣùgbọ́n mo rí bí o ṣe ń bọ̀wọ̀ fún un tí o bá dárúkọ rẹ̀. Mo dìde, mo wọ àárín wọn, mo dì mọ́ Zàkárí, mo ní ẹni tó bá tún fọwọ́ kàn án, Pẹrẹsọ́ńsíọ́ọ̀nù Ìnósáǹsì yóò gbọ́. Wọ́n dá ọwọ́ dúró. Ọ̀kan bi mí pé ta nìyẹn. Mo ní Kútọnù ló wà, pé ọmọ mi mọ̀ ọ́n dáadáa. Òmíràn ní ṣé ọ̀gá ọlọ́pàá tuntun ni. Mo ní ó ju ọ̀gá ọlọ́pàá lọ. Ni wọ́n bá gbé táyà kúrò, wọ́n ní kí a kúkú mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá, a sì mú un lọ. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

Ọ̀gá tí a bá níbẹ̀ kọ orúkọ wa, ó ní àwọn yóò fi Zàkárí sí gáàdì-avú. Inú bí mi. Mo ní ẹni tí a ní ó jalè, ẹ tún fẹ́ fún un níṣẹ́ gáàdì? Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ìtìmọ́lé ni, pé òfin ti ka wákàtí rẹ̀ fún àwọn, tó bá pé, àwọn gbọ́dọ̀ mú un lọ síwájú aṣojú ìjọba nílé ẹjọ́ tàbí kí àwọn tú u sílẹ̀. Ó sọ fún Zàkárí lójú mi pé ó lè dákẹ́ tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, pé ó lè pe agbẹjọ́rò, pé ó lè ní kí dókítà wo òun. Dókítà sì wá wo imú rẹ̀. Ó wú mi lórí pé ọlọ́pàá ń wo aago nítorí ẹni tó mú. Mo bi í ibi tó ti kọ́ ọ, ó fọwọ́ lu ìwé ńlá kan lórí tábìlì rẹ̀, ó ní inú kóòdù ni gbogbo rẹ̀ wà. Mo lọ bá Sàífùlláhì tó ń ta káàdì fóònù pé kó bá mi tẹ kóòdù náà. Ó gbìyànjú títí, orin kan tí mi ò bèèrè ló bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí fóònù mi, ó sì ń dún títí di òní. Tí o bá mọ nọ́ńbà rẹ̀ gan-an, fi ránṣẹ́ sí mi.

Nígbà tí wákàtí náà pé, aṣojú ìjọba ní kí wọ́n fi Zàkárí sí àhámọ́ títí di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Nígbà tí ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́, akọ̀wé kan bi mí bóyá mo fẹ́ wọ pàtí sífílì. Mo ní rárá o, èmi kì í ṣòṣèlú, n kò gba káàdì ẹgbẹ́ kankan rí. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n adájọ́ kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin ni, kò lè ju ẹ̀gbọ́n rẹ lọ. Ó ní, Bàbá, ọ̀nà méjì ló wà nínú ẹjọ́ yìí. Ìjọba ló ni ọ̀kan, òun ló ń wádìí bóyá kí wọ́n fìyà jẹ ẹni tó jalè. Èkejì jẹ́ tiyín, ibẹ̀ lẹ ó ti bèèrè ohun tí ẹ pàdánù. Tí ẹ ò bá bèèrè, wọ́n lè ju olè sẹ́wọ̀n kí ẹ̀yin sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ó yé mi kedere, mo sì fọwọ́ sí i.

Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú, Morẹ́nikẹ́ ni wọ́n pè é, dìde láti gbẹnu sọ fún Zàkárí. Ó sọ ọ́ débi pé mo rò pé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ni. Ẹni tó jókòó tì mí ní agbẹjọ́rò ni, kò mọ Zàkárí rí, pé ilé ẹjọ́ ló yàn án fún un nítorí kò ní olùgbèjà. Ó ní kí adájọ́ bá òun bi Ládépọ̀ bóyá ó rí inú àpò náà. Ládépọ̀ ní rárá. Ṣé ó rí Zàkárí tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi? Ó ní òun tẹrí sí bàtà nígbà náà. Báwo ló ṣe wá mọ̀? Ó ní gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Morẹ́nikẹ́ ní àwọn wo ni gbogbo èèyàn. Ládépọ̀ wò mí.

Ọmọ mi, kí a tó wọlé, Ládépọ̀ ti rọ̀ mí pé kí n ní èmi náà rí i, kí ọ̀rọ̀ lè tán. Adájọ́ kọjú sí mi, ó bi mí. Mo wo Zàkárí, ó ti rù gan-an, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo ní mi ò rí nǹkan kan, pé bí inú ṣe bí mi ni mo ṣe gbà pé òun ni.

Adájọ́ ní iyèméjì wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àti pé tí iyèméjì bá wà, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ló ni ín. Ó ní kí Zàkárí máa lọ sílé. A kò tíì rí màṣíìnì mi, ṣùgbọ́n mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Banikanni lọ bẹ̀ ẹ́. Zàkárí ní nígbà tí mo dì mọ́ òun, òun rò pé èmi ni n ó kọ́kọ́ lù òun. Ìyá rẹ̀, Àràmọ́tù, bu omi fún mi. Ó wá ní wọ́n ti ránṣẹ́ sí òun lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn pé kí òun wá gbé òkú ọmọ òun, pé òun ti ń wá aṣọ funfun kiri nígbà tí àwọn kan sáré dé pé ó wà láàyè. Ó bi mí níbi tí mo ti kọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin. Ó ní kí n sọ orúkọ rẹ fún òun, orúkọ bàbá àti ti ìyá pẹ̀lú, kí àdúrà má baà ṣìnà. Mo sọ ọ́.

Jọ̀wọ́, nínú owó tí ò ń rí lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ ní ìrọ̀lẹ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi yá màṣíìnì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, aṣọ àwọn èèyàn ti pọ̀ jọ. Fi owó ọkọ̀ kún un, màmá rẹ ní òun gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí o bá gba ìwé ẹ̀rí.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ẹ̀mí gígùn. Yóò fún ọ ní ẹnu tí adájọ́ yóò gbọ́. Kò ní jẹ́ kí o bínú débi tí o ó fi sọ ohun tí o kò rí. Àràmọ́tù ní kí n kí ọ, ó ní lẹ́yìn ìrun Àsùbá, orúkọ ọmọ òun ni òun kọ́kọ́ ń pè nínú àdúrà, tìrẹ ló tẹ̀ lé e.

Bàbá rẹ,
Sàlmànù aránṣọ